Ohun Tó Wà Lábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì

"Ẹ má bínú pé mo tún ń béèrè," ni dókítà wí. "Ẹ jẹ́ ká tún mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ni ọmọ yìí máa ń fọwọ́ kàn nílé?"

Ìgbà kẹrin nìyí tí wọ́n máa béèrè ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá ọmọ náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò tilẹ̀ gbójú sókè mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí: bèbí aláṣọ rẹ̀, síbí rẹ̀, bàtà ìyá rẹ̀, bọ́ọ̀lù kékeré kan. Wọn kì í lo oògùn eku. Wọn ò kun ilé láìpẹ́. Wọn ò sin ajá, wọn ò sin ológbò. Ohun tí gbogbo ilé ń jẹ náà lọmọ ń jẹ.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta náà dojú bo ìrọ̀rí nítorí pé kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó tì wọ́n bọ omi gbígbóná, awọ wọn sì ń bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀ òtútù ló wà nínú yàrá náà. Ọmọ tó ń sáré kiri gbogbo ilé ní oṣù méjì sẹ́yìn kò fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbé e dúró, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, á sì figbe ta. Wọ́n ti ní ibà ni, wọ́n ti ní ara rẹ̀ ló kọ oúnjẹ kan, wọ́n ti ní ọkàn rẹ̀ ló ń sáré jù. Wọ́n pààrọ̀ oògùn títí, ọmọ náà ń joro sí i.

Bàbá àgbà rẹ̀ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó di ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà kan mú lọ́wọ́. Akọ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Iṣẹ́ aago títúnṣe ló fi jẹun fún ogójì ọdún ó lé, ṣùgbọ́n orúkọ tó mọ́ ọn lára ni èyí tó gbà nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Olùtọ́jú Irinṣẹ́ Sáyẹ́ǹsì Àtijọ́, níbi tó ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Ọkọ mi" ló ń pè é, nítorí pé "ìyàwó mi" lòun náà ń pe ọmọ.

"Ǹjẹ́ nǹkan kan wà nílé yín," dókítà tún béèrè, "tí kì í sábà sí nílé ẹlòmíì?"

Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní adùn kankan nínú.

"Nílé bàbá mi? Kí ni kò sí níbẹ̀, dókítà? Ẹ bi wọ́n. Ibi tí ẹlòmíì ń gbé àga sí, kọ́ńpáàsì ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi gbé síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kó dé, orí òṣùwọ̀n àwọn apoògùn ni mo sá aṣọ ọmọ sí, torí kò sí ibòmíì."

Dókítà yíjú sí Akọ̀wé. Akọ̀wé la ẹnu láti ka irinṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń kà wọ́n fún àlejò: awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, maikirosikóòpù mẹ́ta, òṣùwọ̀n onídẹ, kọ́ńpáàsì. Ó dé orí báròmítà, kò dárúkọ rẹ̀.

"Àti àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí," ló wí.

Nọ́ọ̀sì kan yọjú pé wọ́n ń wá dókítà ní wọ́ọ̀dù kejì. Dókítà ní òun á padà wá lọ́la láti bá wọn parí ọ̀rọ̀ náà. Akọ̀wé fi ìbọ̀sẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun fẹ́ dé ilé, ó sì jáde. Ó dé orí àtẹ̀gùn. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń gòkè àti àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Báròmítà náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Pákó dídán ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ọ̀pá gíláàsì sì wà nínú rẹ̀. Mákúrì ló wà nínú ọ̀pá yẹn, irin funfun tó ń ṣàn bí omi, tó jẹ́ pé bó bá bọ́ sílẹ̀ á fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀, á sì máa yí kiri. Bí ojú ọjọ́ bá máa dára, mákúrì á gòkè. Bí òjò bá ń bọ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Òun ni Akọ̀wé fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó ní.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó wọ yàrá irinṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé mákúrì ti lọ sílẹ̀ nínú ọ̀pá kọjá ibi tó yẹ. Awọ tí wọ́n fi di ìdí rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà káàkiri ilẹ̀ pákó. Ó fi bébà líle kó wọn, ó dà wọ́n sínú ìgò, ó sì dé e pinpin. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìgò kò tó ìdajì ohun tó sọnù. Ìyókù ti gba àárín pákó wọlẹ̀ lọ.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, ojú ìwé méjì gbáko: bí mákúrì bá dà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, ẹ pe àwọn elétò ìlera, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, a kì í rí i, kì í rùn, èèyàn á kàn máa fà á símú ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá wo irinṣẹ́ rẹ̀. Ojú tì í pé wọ́n á gbọ́ pé ilé akọ̀wé gan-an ni báròmítà ti jò. Ó ra kápẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri, ó kan ìṣó mọ́ ọn, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ dàrú ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, tó dé pẹ̀lú àpótí méjì àti ọmọ lẹ́yìn, yàrá yẹn ló tóbi jù nínú ilé, òun loòrùn sì ń wọ̀ dáadáa. Akọ̀wé kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ọmọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, àárọ̀ kùtù ló sì ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ ló ń wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, lórí mátíráàsì kékeré tí Akọ̀wé tẹ́ sílẹ̀ fún un kó má bàa já bọ́. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ tó tẹ́ ẹ. Ó wo oòrùn tó tàn sórí mátíráàsì yẹn, kò sì rántí ohunkóhun.

Nígbà tó dé ilé, ó fi òòlù yọ ìṣó, ó ká kápẹ́ẹ̀tì dé ìdí ògiri, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sáàárín pákó. Wọ́n ń dán níbẹ̀, wẹ́wẹ́, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn. Ìsàlẹ̀ ibi tí mátíráàsì wà ni wọ́n pọ̀ sí jù, nítorí pé ilẹ̀ yàrá náà dagun díẹ̀ sí apá ibẹ̀.

Ó pe Alága ẹgbẹ́ lórí fóònù. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Alága, ó ju Akọ̀wé lọ ní ọdún mẹ́wàá, òun sì lẹni àkọ́kọ́ tó gbé irinṣẹ́ àtijọ́ lé e lọ́wọ́. Kò tó wákàtí kan tó fi dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi aṣọ ìnujú bo imú, kò wọlé.

Akọ̀wé rò ó fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́. Alága béèrè bí ara ọmọ ṣe rí, ó sì káàánú rẹ̀ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ẹni tó ti gbọ́. Akọ̀wé ní kò tíì sí.

"Ó dáa," ni Alága wí. "Mi ò ní kí o má tọ́jú ọmọ o. Ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fún mákúrì. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé tẹmomítà ló fọ́. Ilé wo ni tẹmomítà kì í ti í fọ́? Ọmọ á gba ìtọ́jú, èmi àti ìwọ á palẹ̀ ibí yìí mọ́, ó tán."

Akọ̀wé ní àwọn elétò ìlera ló yẹ kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

"Bí wọ́n bá wọ ilé tìrẹ, ilé ta ni wọn ò ní wọ̀? Gbogbo báròmítà ẹgbẹ́ pátá ni wọ́n máa kó dà nù bí ìdọ̀tí. Oṣù kan péré ló kù sí àfihàn ogójì ọdún wa. Akọ̀wé, mo ti sin ìyàwó, mo ti sin ọmọ. Ẹgbẹ́ yìí ló ṣẹ́ kù fún mi."

Ohun tó sọ kẹ́yìn yẹn ló wọ Akọ̀wé lára jù. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ọkàn òun náà ti ń fẹ́ ọ̀nà yẹn kí Alága tó là á. Bó bá jẹ́ tẹmomítà ló fọ́, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún dókítà pé òun rántí pé tẹmomítà kan fọ́ nínú yàrá ọmọ. Dókítà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an làwọn máa gba ìtọ̀ ọmọ, àbájáde rẹ̀ á sì gba ọjọ́ méjì. Ìyá ọmọ di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú níwájú dókítà, ó ní òun mọ̀ pé wọ́n á rántí nǹkan, òun mọ̀.

Ní ọjọ́ méjì yẹn, Akọ̀wé kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá náà pẹ̀lú bébà líle àti síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ń fa mákúrì jáde láàárín pákó díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ̀n. Ó lé ní ọdún kan tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nítorí pé kò lè di nọ́ọ̀tì kékeré inú aago mú mọ́. Ohun tó bá kó jọ lójúmọ́ kì í ju síbí kan lọ. Bó bá ní ó tán, tó bá tún gbé tọ́ọ̀ṣì, á rí òmíràn.

Ìyá ọmọ máa ń wá sílé láàárọ̀ láti wẹ̀, kó sì mú aṣọ. Akọ̀wé sọ fún un pé pákó kan ló jẹrà nínú yàrá tí òun ń tún ṣe, kó má wọ ibẹ̀. Ìyá ọmọ kò bá a jiyàn. Kúbùsù ọmọ ló fẹ́ mú, ó sì nawọ́ mú un láti ẹnu ọ̀nà, lórí mátíráàsì tí Akọ̀wé ti fà síbẹ̀. Akọ̀wé ní kó fi í sílẹ̀, òun á ra tuntun. Ìyá ọmọ dá a lóhùn pé ọmọ kì í sùn láìsí èyí, pé ojoojúmọ́ ni òun ń gbé e wá sílé láti sá a kí òógùn rẹ̀ lè gbẹ, tí òun sì ń gbé e padà. Ó ká a, ó fi í há abíyá, ó sì jáde. Akọ̀wé ń wò ó títí ó fi kọjá ẹnu géètì. Ó padà lọ kúnlẹ̀ sídìí pákó.

Nígbà tí àbájáde dé, dókítà pe àwọn méjèèjì sínú ọ́fíìsì kékeré kan, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní mákúrì ni lóòótọ́. Ó ní ṣùgbọ́n ohun tí àwọn rí kì í ṣe ti tẹmomítà kan, kódà kì í ṣe ti ogún tẹmomítà. Ohun mìíràn tún wà tí kò yé òun. Ọmọ náà ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn, ó yẹ kí ara rẹ̀ ti fẹ́ máa fúyẹ́ díẹ̀, kí ó má sì máa burú sí i. Ó dà bíi pé nǹkan náà ṣì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbi tó wà.

Ìyá ọmọ béèrè pé báwo ni yóò ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ilé ìwòsàn.

"Kúbùsù yẹn ni," ni Akọ̀wé wí.

Ó wá sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí awọ tó gbẹ, ó sọ nípa kápẹ́ẹ̀tì, ó sọ nípa ìṣó, ó sọ nípa tẹmomítà tí kò fọ́. Kò dárúkọ Alága. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó sọ tán, dókítà dìde, ó sì jáde lọ pe àwọn tó yẹ.

"Lánàá," ni ọmọ rẹ̀ wí, "mo mú kúbùsù yẹn lójú yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún Akọ̀wé. Ó dìde, ó lọ sí wọ́ọ̀dù, ó fa kúbùsù kúrò lára ọmọ. Igbe ọmọ náà gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ó dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e fún nọ́ọ̀sì, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló padà wá sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì níbi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ní ọ̀wọ̀ nínú bíi ti ìgbà gbogbo.

"Dádì, ẹ máa lọ sílé."

Àwọn elétò ìlera dé lọ́jọ́ kan náà, aṣọ funfun bò wọ́n látorí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ti ilé náà pa. Wọ́n tú gbogbo pákó yàrá yẹn, wọ́n kó mátíráàsì, aṣọ, bèbí àti ìwé sínú àwọn gárawá onídèérí. Wọ́n gbé báròmítà jáde bí ẹni gbé òkú, ẹni méjì, ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n yẹ Akọ̀wé náà wò. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí tábìlì, ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ní ó ti lé ní ọdún kan, ó sì ní ọjọ́ orí ló fà á.

"Kì í ṣe ọjọ́ orí, bàbá," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí.

Akọ̀wé kò ronú nípa aago, kò sì ronú nípa ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń rò ni pé wákàtí méjì-mẹ́ta péré lòun máa ń lò nínú yàrá yẹn lójúmọ́, àgbàlagbà sì lòun.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní oògùn tó ń fa mákúrì jáde lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, awọ rẹ̀ kò bó mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń sùn. Ṣùgbọ́n kò tíì dìde dúró, ehín iwájú rẹ̀ méjì sì ti yọ. Àwọn dókítà ní ó ṣeé ṣe kó rìn. Wọn ò lè sọ ìgbà tó máa jẹ́. Wọ́n ní bó bá sì ṣe nǹkan sí ọpọlọ rẹ̀, ó dìgbà tó bá wọ ilé ìwé kí wọ́n tó mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló ń sọ gbogbo èyí fún Akọ̀wé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé kì í wọ inú wọ́ọ̀dù.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni ẹgbẹ́ máa ń ṣe ìpàdé, nínú yàrá òkè ilé ìkàwé ìlú. Mọ́kànlá ni àwọn tó wá. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì fún àfihàn, wọ́n ti to awò àti òṣùwọ̀n sí i, wọ́n ti nu idẹ wọn títí tí wọ́n fi ń dán. Akọ̀wé dìde, ó sì ka ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ló ṣe kọ ọ́, torí kò mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà kọ ọ́: ọjọ́ tó jò, ọjọ́ tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tí ọmọ dé, ọjọ́ tí ọmọ kò rìn mọ́. Níparí rẹ̀, ó bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn elétò ìlera wá yẹ ilé wọn wò.

Ó hàn pé Alága ti bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì ojú jókòó níwájú, kò wo ojú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pin sáàárín àwọn ni Akọ̀wé gbé jáde fún gbogbo ayé. Ó ní àtọdúnmọ́dún ni àwọn èèyàn ti ń gbé báròmítà kọ́ sílé, tí wọ́n sì ń tọ́mọ, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n.

Tíṣà Àgbà, obìnrin tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọgbọ̀n ọdún, ló gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn rẹ̀.

"Irú èyí tí wọ́n fi awọ di ìdí rẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Méjì wà nínú yàrá mi, lókè orí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀dọ̀ mi làwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń sùn ní gbogbo ìgbà ìsinmi."

Tíṣà Àgbà dìde. Ó mú báàgì rẹ̀, ó gba àárín àga kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Wọ́n ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó yá ju bí àgbà ṣe ń rìn lọ.

Kò sí ẹlòmíì tó dìde. Alága ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn pé kí Akọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nawọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó dà bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀. Ọwọ́ mẹ́jọ lọ sókè. Akọ̀wé ti fi kálàmù kọ "mẹ́jọ" sínú ìwé kó tó rántí pé òun ni wọ́n ń dìbò lé lórí. Ó dé kálàmù náà, ó fi sórí tábìlì níwájú Alága, ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí gba ìwé orúkọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ọmọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn, ó dúró lẹ́bàá géètì láti àárọ̀. Ó ti mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti gba yàrá kan lọ́nà jíjìn, lápá kejì ìlú. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá rẹ̀ rí Akọ̀wé, ó dúró. Ó fẹ́ kọjá, kò kọjá.

"Mi ò ní sọ fún un pé kò ní bàbá àgbà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má tíì wá sọ́dọ̀ wa. Bí mo bá rí yín, ẹnu ọ̀nà tí mo ti mú kúbùsù yẹn ni mo máa ń rí."

Akọ̀wé ní òun ti gbọ́. Ó fẹ́ béèrè bóyá òun lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n kò béèrè. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi wọ ọkọ̀.

Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń gbé báyìí, láàárín aago tí kò ṣiṣẹ́. Ó tẹ́ ẹní sẹ́yìn káńtà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í ṣí ilẹ̀kùn rárá. Á jókòó, á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Alága pè é lẹ́ẹ̀kan, ó ní ilé ìkàwé ti fagi lé àfihàn, ó sì pa fóònù kí Akọ̀wé tó lè dáhùn.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn elétò ìlera láti béèrè ilé mélòó ni wọ́n ti wọ̀. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní mẹ́ta, pẹ̀lú ti Akọ̀wé àti ti Tíṣà Àgbà. Ó ní àwọn ìyókù kò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n máa kọ lẹ́tà sí wọn bí òṣìṣẹ́ bá tó.

Akọ̀wé padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣí ìwé orúkọ ẹgbẹ́. Ogójì ọdún ló wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ní ìkọ̀wé tirẹ̀: ẹni tó ra báròmítà, ẹni tó tà á, ẹni tó kú tí ọmọ rẹ̀ jogún rẹ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ àwọn tí kò tíì sẹ́ni tó lọ sọ́dọ̀ wọn. Mẹ́rìndínlógójì ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan rí wọ́gọwọ̀gọ nítorí ọwọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì bọ́ sọ́nà.

Onígíláàsì ojú yọjú lójú fèrèsé, ó sì fa kọ́tìnnì. Nílé kejì, wọ́n ní àwọn ti tà á, wọn ò mọ ẹni tó rà á. Ọkùnrin tó wà nílé kẹta rò pé ó wá gba báròmítà lọ́wọ́ òun ni, ó sì lé e jáde.

Obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn nílé kẹrin, ìyàwó ọmọ ẹni tó ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Ó dá Akọ̀wé mọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, ó sì kí i tayọ̀tayọ̀. Láti ìta, Akọ̀wé rí báròmítà náà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ń ràn gan-an lọ́jọ́ náà, kò sí kùrukùru kankan lójú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ mákúrì inú ọ̀pá náà ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Ẹ wọlé, Bàbá," ni obìnrin náà wí. "Ẹ wá wo nǹkan yín. Ọkọ mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ níbẹ̀, ìrántí bàbá wọn ni."

Akọ̀wé kò wọlé. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé méjì tó ń sáré lórí pákó nínú ilé, tí wọ́n ń lé ara wọn.

"Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ jáde síta," ló wí. "Tí wọ́n bá ti jáde, màá sọ ohun tí mo ṣe sí ọmọ tiwa fún yín."